Ọkọ̀ Okùn Mẹ́rin

Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé nípa òkun, láìfi ojú mi kan òkun rí. Ṣọ́ọ̀kì ni mo fi ń yà á sójú pátákó, mo sì ń jágbe mọ́ ọmọ tó bá gbé erékùṣù síbi tí kò yẹ. Ẹ wo irú tíṣà bẹ́ẹ̀! Nítorí náà, nígbà tí ọmọ wa obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì lókè òkun ní òun fẹ́ fi èmi àti ìyá rẹ̀ sínú ọkọ̀ ìgbafẹ́ ojú òkun, kí a fi ṣe àjọyọ̀ àádọ́ta ọdún ìgbéyàwó wa, mo jó yí pálọ̀ po.

Àwòrán ọkọ̀ méjì ló fi ránṣẹ́ sórí fóònù, pé kí a mú ọ̀kan. Èyí ńlá tó odidi àdúgbò kan, ibi ìlúwẹ̀ẹ́ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Èyí kékeré kò ní nǹkan púpọ̀ ju yàrá, ibi ìjẹun àti àga tí èèyàn lè jókòó sí wo omi.

"Ńlá la máa wọ̀," ni mo wí. "Bí èèyàn yóò bá jẹ ọ̀pọ̀lọ́, kó jẹ èyí tó lẹ́yin."

Ìyàwó mi ń bó ẹ̀gúsí, kò gbójú sókè. "Ẹ máa lọ, Dádì. Ẹ bá mi kí òkun."

Inú bí mi. "Ṣé ẹ̀rù omi ń bà ọ́ ni?"

Ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára aṣọ rẹ̀. Mo mọ̀ pé orúnkún ń dà á láàmú láti ìgbà tó ti ṣubú lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ọkọ̀ ló ń rìn lójú òkun, kì í ṣe ẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo pinnu láti fi ọkọ̀ náà hàn án kó yé kọ̀. Mo gbé okùn tí mo fi ń to ìlà kòkó, ọgbọ̀n mítà géérégé. Nínú ìṣirò mi, okùn mẹ́rin ni ọkọ̀ kékeré, okùn méjìlá ni ti ńlá. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu géètì wa, mo sì ń gbá èèkàn mọ́lẹ̀ létí títì, tí okùn bá ti parí.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá ìkẹrin mọ́lẹ̀ ni aránṣọ tí ilé rẹ̀ wà níbẹ̀ sáré jáde, ti òun ti téèpù lọ́rùn. "Tíṣà, ẹ gbà mí o! Ṣé ulé mi wà lára èyí tí ìjọba fẹ́ wó?"

Ẹ má bá a wí. Ní Aràmọkọ níbí, ẹni tí a bá rí tòun ti okùn àti èèkàn létí títì, títì ló wá fẹ̀. Kí n tó lanu, onílé méjì ti jáde, ọ̀kan ti gbé ìwé ilẹ̀ rẹ̀ dání. Nígbà tí mo ní ọkọ̀ ojú omi ni mò ń wọ̀n, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọlọ́kadà kan dúró, ó ní níbo ni dẹ́rẹ́bà máa jókòó sí. Mo nàka sí ẹnu géètì wa.

"Ó dáa," ló wí. "Èmi ni dẹ́rẹ́bà." Ló bá lọ páàkì síbẹ̀.

Nígbà tí èèkàn kejìlá wọlẹ̀ nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì, mo padà lọ pe ìyàwó mi pé kó wá rìn ín wò. Ó mú ọ̀pá rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá pàdé ló ń kí, ló ń béèrè ọmọ lọ́wọ́ wọn, mo sì rò pé ìkíni ló ń dá a dúró. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ aránṣọ, ó fọwọ́ ti ògiri.

"Ẹ máa lọ," ló wí. "Mò ń bọ̀."

Láti ọdún méjì ló ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi: kí n máa lọ sọ́jà, kí n máa lọ sípàdé, kí n máa lọ sí ìsìn. Èmi náà a sì máa lọ. N kò bojú wẹ̀yìn rí. Lọ́jọ́ yẹn ni mo bojú wẹ̀yìn, mo rí òógùn lójú rẹ̀, mo sì rí bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n.

Mo padà sọ́dọ̀ rẹ̀. "Kì í ṣe omi ló ń bà mí lẹ́rù," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́. "N kò fẹ́ kẹ́ ẹ máa tì mí kiri lórí àga oníkẹ̀kẹ́ láàárín àjèjì, kẹ́ ẹ má sì ráyè wo òkun tẹ́ ẹ ti ń yà láti ìgbà èwe yín."

Ojú tì mí. Ọkùnrin tó ń pariwo mọ́ ọmọ ọlọ́mọ nítorí erékùṣù!

Aránṣọ gbé àga wá. Ìyàwó mi sinmi díẹ̀, ó wá tọ́ka síwájú. "Èèkàn wo nìyẹn?"

"Ìparí ọkọ̀ kékeré ni."

Ó dìde, ó rin ìṣísẹ̀ mẹ́rin, ó fọwọ́ kan èèkàn náà. "Mo ti rin ọkọ̀ já," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín tí n kò gbọ́ irú rẹ̀ láti ìgbà tó ti ṣubú. "Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ." Àwọn aládùúgbò pàtẹ́wọ́. Dẹ́rẹ́bà wa fun fèrè ọ̀kadà rẹ̀ títí.

Mo fa èèkàn mẹ́jọ tó kù tu, mo sì pe ọmọ wa pé ọkọ̀ kékeré la mú.

A ò tíì gbéra, ṣùgbọ́n èèkàn mẹ́rin yẹn ṣì wà létí títì. Lójoojúmọ́, tí oòrùn bá ti rọlẹ̀, èmi àti ìyàwó mi a rin ọkọ̀ wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, àga aránṣọ a sì máa dúró dè wá. Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ yẹn a máa yọ lẹ́nu rẹ̀, a tún ní kí n máa lọ. N kì í lọ.