Àtùpà Ìyá Mi àti Òkun Kurasáò

Òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù ló máa ń jí mi láàárọ̀ nílé wa ní Ìkirè. Kí n tó ṣe àlùwàlá tán, ìyá mi á ti gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà pọ̀ mọ́ ata àti iyọ̀, epo pupa á ti máa hó nínú agbada, yóò sì máa dín dódò títí yóò fi dúdú. Dódò ayé ìsinsìnyí ò dùn tó ti ìgbà yẹn. Mo mọ̀ pé gbogbo àgbà ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà.

Àárọ̀ la ń dín in, ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ni ọjà rẹ̀ máa ń yá. Lẹ́yìn ìrun Màgárìbì, bọ̀lẹ̀kájà tó ń bọ̀ láti Ifẹ̀ á dúró létí títì, àwọn èrò á nawọ́ jáde, ẹni tí wọ́n bá rí àtùpà rẹ̀ ni wọ́n á pè. Àtùpà yìí gan-an ló ń dá ìjà sílẹ̀ nílé wa.

Bàbá mi kì í fẹ́ rí iná nírọ̀lẹ́. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, á ti gbogbo fèrèsé, á fi apẹ̀rẹ̀ bo fìtílà, a ó wá máa jẹun bí ẹni tó jí oúnjẹ gbé. "A kì í fi iná sórí òrùlé sùn," ohun tó máa ń wí nìyẹn, kò sì ní ṣàlàyé kankan. Bàbá Kurasáò ni àwọn ará àdúgbò ń pè é. Wọ́n á ní, "Ojú tó ti rí òkun, ṣé ó tún yẹ kó máa bẹ̀rù ọ̀sà?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Inú máa ń bí mi sí wọn.

Ìgbà tí mo dàgbà ni ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Nígbà ogun ńlá àwọn òyìnbó, bàbá mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Làmídì, ọmọ Àpòmù, jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń kó èédú síná. Ọkọ̀ náà gbé wọn dé Kurasáò, erékùṣù tó wà lábẹ́ àwọn òyìnbó Họ́lándì. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti dá lẹ́sẹ̀, ọkọ̀ sì fi í sílẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, àwọn ṣọ́jà gbà á pé kó máa pọnmi fún àwọn ní ilé odi tó wà lẹ́nu èbúté. Ògiri ilé odi yẹn nípọn débi pé èèyàn lè na gbalaja sójú fèrèsé rẹ̀. Àwọn ìbọn àgbá ayé àtijọ́ dojú kọ òkun, wọ́n sì tún gbé àwọn tuntun sórí òkè. Afárá kan tilẹ̀ wà níbẹ̀ tó léfòó sórí omi, tó máa ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọkọ̀ lè kọjá. Àwọn ará Ìkirè ní irọ́ ni.

Ọkọ̀ Làmídì tún padà wá síbẹ̀, ó sì gbéra nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Bàbá mi dúró lórí odi, ó ń juwọ́ sí i. Gbogbo iná ìlú ló tàn yòò lẹ́yìn ọkọ̀ náà, ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ọ̀tá sì fi ìmọ́lẹ̀ yẹn rí i, ó yìn ín. Kò tíì jìnnà tó fi gbiná, Làmídì sì bá a lọ. Pẹ̀lú gbogbo ìbọn tó wà nílé odi yẹn, kò sí èyí tó rí ohun tí yóò yìn sí. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ni àwọn ṣọ́jà pàṣẹ pé kí gbogbo ilé máa pa iná nírọ̀lẹ́. Bàbá mi ń pa iná bẹ́ẹ̀ lọ títí ó fi dé Ìkirè.

Mo wà ní kíláàsì kejì nígbà tó dé ìdí ọjà ìyá mi létí títì, tó fẹ́ àtùpà pa lójú àwọn èrò. Mọ́tò lọ. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì. Ìyá mi ní bó bá tún ṣẹlẹ̀, òun á kó ẹrù òun lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn òun ní Gbọ̀ngán. Kì í sọ ohun tí kò ní ṣe. Mo rò pé ilé wa ti tú nìyẹn.

Kàkà kó kó ẹrù, ó mú mi lọ sí Àpòmù, sọ́dọ̀ ìyá Làmídì. Bàbá mi kì í yéé gbé iṣu lọ fún màmá náà, ṣùgbọ́n kì í dúró kí ilẹ̀ ṣú bá a níbẹ̀. Nígbà tí a dé, màmá ń nu gíláàsì àtùpà lọ́wọ́. Ó tàn án, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí a sọ ohun tó gbé wa wá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó bá wa padà sí Ìkirè.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó ní kí wọ́n tan iná. Bàbá mi dìde láti ti fèrèsé.

"Rájí, jókòó," ni màmá wí fún bàbá mi. "Ọmọ tèmi ni òkun gbé. Láti ọjọ́ tí o ti wá sọ ọ́ fún mi, mi ò jẹ́ kí àtùpà mi kú nírọ̀lẹ́ rí."

"Iná ò bà yín lẹ́rù ni, Ìyá?"

"Òkùnkùn ló ń bà mí lẹ́rù. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ìyàwó ẹ ò sí lójú òkun, Rájí. Ẹ̀bá títì Ìkirè ló wà."

Bàbá mi fi ọwọ́ bojú, ó sunkún. Mi ò rí i kó sunkún rí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló nu gíláàsì, tó bu kẹrosíìnì, tó gbé àtùpà lọ sídìí ọjà. Kò bá ìyá mi jókòó. Ó sọdá títì, ó jókòó sórí òkúta kan, ó kẹ̀yìn sí iná náà, ó ń wo inú igbó tó ṣú níwájú rẹ̀, títí dódò fi tán. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí mo fi jáde ilé ẹ̀kọ́. Àwọn èrò á máa fi ìyá mi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ní ṣọ́jà tirẹ̀, ìyá mi á ní, "Ẹ rí i bí?"

Nígbà yẹn, mo rò pé ojo ni bàbá mi, ìyá mi sì ni mo ń gbè lẹ́yìn. Mo ti dàgbà ju bó ṣe wà nígbà náà lọ báyìí, mo ti sin ọkọ, mo ti sin àbúrò, mo sì mọ bí ìjókòó yẹn yóò ti nira fún un tó. Bí mo bá ń gba Ìkirè kọjá, iná mànàmáná ló wà níbi gbogbo, àwọn ọmọbìnrin á sáré gbé dódò wá síbi mọ́tò. Mo máa ń rà á. Ṣùgbọ́n kí n tó wo ojú ẹni tó ń tà á, òdìkejì títì ni mo máa ń kọ́kọ́ wò.