Àwo Mẹ́rin Lìádì Olóbì

Bí ẹ bá dé Ẹ̀pẹ́ ní Ṣàgámù, tí ẹ ní ẹ ń wá ẹni tó mọ obì gbànja ṣà, ilé Lìádì ni wọ́n máa júwe fún yín. Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin ni. Orí rẹ̀ ti funfun, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò tíì gbàgbé nǹkan kan. Á ki ọwọ́ bọ agbọ̀n títí dé ìsàlẹ̀, ojú rẹ̀ á wà níbòmíràn, á sì sọ fún ẹni tó gbé e wá pé, "Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí kòkòrò tó jáde nínú èyí." Kì í tàsé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi ẹnu ṣe iṣẹ́ tí ọwọ́ wọn ò mọ̀. Lìádì kì í ṣe ara wọn.

Ohun tí àlejò kì í retí ni ẹ̀rọ giramofóònù tó wà nínú yàrá tí wọ́n ti ń ṣa obì, àti àwo orin mẹ́rin tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orin kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Orin ijó báléètì ni, èyí tí àwọn òyìnbó máa ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ jó. Ẹni tó kọ ọ́ mú ọgbọ́n orin àwọn baba ńlá rẹ̀, ó sọ ọ́ di tuntun, bí ìgbà téèyàn bá fi aṣọ òkè ìyá rẹ̀ rán ẹ̀wù òde òní. Fáólìn ńlá àti kékeré nìkan ló ń dún níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹgbẹ́ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ta á sínú àwo mẹ́rin náà, olùdarí tiwọn sì yàtọ̀ síra.

Ọdún márùndínlógójì sẹ́yìn ló bẹ̀rẹ̀. Òyìnbó kan ń kó padà sílé, ó ń ta ẹrù ilé rẹ̀, Lìádì sì lọ ra giramofóònù náà. Àpótí àwo orin kan ni wọ́n fi ṣe ènì fún un. Oòrùn ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ àfi ọ̀kan. Ó gbé ọ̀kan náà sí i níjọ́ kan tó ń ṣa obì lọ́wọ́, nígbà tí apá kìn-ín-ní sì fi máa tán, ó rí i pé òun kò tíì ṣa ẹyọ kan. Lìádì kì í fi iṣẹ́ ṣeré, nítorí náà ẹ̀rù bà á díẹ̀.

Orin yẹn ló mú Ilésanmí wọlé. Ilésanmí ń kọ́ àwọn ọmọ lórin ní Ìkẹ́nnẹ́ nígbà náà, òun náà ló sì ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì. Ó ń kọjá lọ ní tirẹ̀ ni, ó gbọ́ orin lójú fèrèsé. Kò kan ilẹ̀kùn. Ó wọlé, ó jókòó sórí àpò obì títí orin fi tán, kó tó wá rántí pé òun kò tíì kí onílé.

Ilésanmí ló ka ohun tó wà lára páálí àwo náà fún un, pé ẹni tó kọ orin yìí gan-an ló darí àwọn tó ń ta á. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Lìádì lára ṣinṣin. Nínú òwò tirẹ̀, obì tí olóko fúnra rẹ̀ gbé wá láti ọ̀nà Ìpẹ̀rú ni wọ́n ń kọ́kọ́ rà, nítorí kò tíì dé ọwọ́ aláròóbọ̀ tó máa da ti àná mọ́ ti òní. Bí olóko bá wà níbẹ̀, kí lèèyàn tún ń wá lọ́dọ̀ aláròóbọ̀? Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, Ilésanmí wá àwo mẹ́ta mìíràn kún un, ó ń fi wọ́n pa mọ́ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Èyí tó fẹ́ràn jù jẹ́ ti ẹgbẹ́ ìlú kékeré kan tí kò sẹ́ni tó gbọ́ orúkọ wọn rí. Lìádì kò ka ìyẹn sí nǹkan kan. Àwo olóko, èyí tí ẹni tó kọ orin fúnra rẹ̀ darí, ni tirẹ̀.

Ní gbogbo Sátidé, Ilésanmí á wá, wọ́n á gbọ́ orin, wọ́n á jiyàn, bó bá sì ń lọ, Lìádì á fi obì márùn-ún tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣà sínú ewé eéran fún un. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ Hàmdálátù, ọmọbìnrin Lìádì, ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Àwọn èèyàn pọ̀ níjókòó, iyàn èwo ló dára jù nínú àwọn àwo náà tún dé, Ilésanmí bá ní, "Lìádì, orúkọ tó wà lára páálí lò ń gbọ́. O ò gbọ́ orin." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń jẹun nítorí pé orúkọ kankan ò lè tàn án jẹ, ẹ wo irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí i lójú àwọn àna rẹ̀. Ó dáhùn pé, "Ohun tó wà nínú ìwé nìwọ ń kà, tíṣà. O ò létí." Ilésanmí mú fìlà rẹ̀, ó lọ. Odindi oṣù mẹ́ta ni Lìádì fi ń ya obì márùn-ún sọ́tọ̀ ní Sátidé kó tó jáwọ́. Ó dùn ún, ṣùgbọ́n kò ránṣẹ́. Ọdún mẹ́rin kọjá báyìí.

Sátidé kan lóṣù tó kọjá, Olúkẹ́mi ọmọ Ilésanmí yọ sí i lójijì. Ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin mọ́kànlá ní ijó nílé ẹ̀kọ́ kan ní Ìkẹ́nnẹ́, orin yìí ni wọ́n sì fẹ́ jó lọ́jọ́ àjọ̀dún ilé ẹ̀kọ́ náà.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá. Bàbá mi ò mọ̀ pé mo wá o," ó wí lórí ìkúnlẹ̀. "Èyí tí mo rí lórí fóònù ni a fi ń ṣe é. Bó bá ti dé ibi pẹ̀lẹ́ tó wà lápá ìparí, wọ́n á máa kọsẹ̀ lura wọn. Ijó sáà ni wọ́n kọ ọ́ fún. Èwo nínú tiyín lẹsẹ̀ lè bá lọ?"

Kò sẹ́ni tó bi Lìádì ní ìbéèrè yìí rí. Síbẹ̀ ó ti na ọwọ́ sí àwo olóko kí Hàmdálátù, tó wá bá a ṣa obì lọ́jọ́ náà, tó dá sí i.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká bo agbọ̀n."

Àṣà àwọn olóbì níbẹ̀ nìyẹn. Bí àwọn méjì bá ń jà pé obì tèmi dára ju tìrẹ lọ, wọ́n á fi ewé bo agbọ̀n méjèèjì, wọ́n á pa ipò wọn dà, àgbà kan tí kò mọ ti ta ni èyí á wá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Lìádì ti jẹ́ àgbà yẹn fún àìmọye èèyàn. Kò wá sí i lọ́kàn rí láti bo agbọ̀n tirẹ̀. Kò sì lè kọ̀, nítorí òun ló fi kọ́ ọmọ.

Ó kọjú sí ògiri, ó gbé agbọ̀n obì síwájú, ó ń ṣà á. Ibi pẹ̀lẹ́ yẹn nìkan ni Hàmdálátù ń gbé sí i. Àkọ́kọ́ kọjá, kò burú. Ìkejì ń yára, ọwọ́ Lìádì ń sáré tẹ̀ lé e títí ó fi fọ́ obì kan tó yè kooro. Nígbà tí ìkẹta bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Àwọn onífáólìn yẹn ń sọ orin kalẹ̀ bí ẹni tó ń gba ẹrù lórí arúgbó, wọn ò fà á, wọn ò jù ú sílẹ̀. Olúkẹ́mi ti dìde láìmọ̀, gìgísẹ̀ rẹ̀ ti kúrò nílẹ̀. Omi lé sójú Lìádì. Wọ́n gbé ìkẹrin sí i, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ọ dáadáa.

"Ìkẹta," ló wí.

Hàmdálátù dojú páálí bolẹ̀, ó fi lé e lórí itan. Lìádì yí i padà wò. Ẹgbẹ́ ìlú kékeré yẹn ni, àwọn tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Òun àti ọmọ rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Olúkẹ́mi ò lè rí páálí láti ibi tó wà. Bó bá ní ti olóko ni, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ì bá parí sí, orúkọ rẹ̀ á sì wà níbi tó wà. Ọ̀pọ̀ wa ni ì bá ṣe bẹ́ẹ̀, ká má tan ara wa. Ṣùgbọ́n kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà, Lìádì sì ti fi gbogbo ayé rẹ̀ tú irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ jáde nínú agbọ̀n ẹlòmíràn.

"Ti bàbá rẹ ni," ó sọ fún Olúkẹ́mi. "Gbogbo ọdún wọ̀nyí, orúkọ ni mo ti ń rà. Mi ò ki ọwọ́ bọ̀ ọ́."

Ó fara balẹ̀ ṣa obì márùn-ún, ó pọ́n ọn sínú ewé, ó gbé àwo náà sábíyá, ó sì bá Olúkẹ́mi wọkọ̀ lọ sí Ìkẹ́nnẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ilésanmí wà nínú àga níta ilé rẹ̀. Ó ti rù. Lìádì kò jókòó.

"Wọ́n bo agbọ̀n fún mi, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, tìrẹ ni mo mú," ó wí. "Tìrẹ ló dára jù. Òótọ́ lo sọ lọ́jọ́ yẹn."

Ilésanmí wo àwo náà, kò gbà á. Ó wo ewé tó wà lọ́wọ́ kejì.

"Kí lèyí?"

"Obì ni."

"Gbé e wá," Ilésanmí wí. "Orin, mò ń rí i gbọ́ lórí fóònù ọmọ yìí. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń ra obì lọ́jà, kò sí ọ̀kan tí kòkòrò kò sí nínú rẹ̀."

Ó pa ọ̀kan, ó yẹ inú rẹ̀ wò nínú oòrùn, ó na awẹ́ kan sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lìádì bá jókòó.