Ọjọ́ tí A Kó Láti Madrid Lọ sí Valencia

Mo rántí bí ọkọ̀ ojú irin náà ṣe ń sáré gba àárín oko àjàrà kọjá, tí mo fi imú mọ́ gíláàsì fèrèsé bí ọmọ ọwọ́, tí inú mi ń dùn pé mo ti dé ibi tí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé wa kò dé rí. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni mí nígbà náà, nílé obìnrin ọlọ́lá kan ní Apo, ní Àbújá. Èmi ni mò ń tọ́jú àwọn ọmọ rẹ̀ kéékèèké méjì, ìdí nìyí tó fi mú mi dání nígbà tí wọ́n lọ lo ìsinmi ní Spéìn. Ara ìyá mi, tó ń ránṣọ ní Jikwoyi, kò fi bẹ́ẹ̀ yá, àmọ́ òun gan-an ló ní kí n máa lọ.

Fúláàtì tí wọ́n háyà fún àlejò la kọ́kọ́ dé sí ní Madrid; lẹ́yìn náà ni a máa kó lọ sí òmíràn ní Valencia, létí òkun. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ kó, bí mo ṣe ń di ẹrù àwọn ọmọ, fóònù ọ̀gá mi dún. Ó wò mí, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Fóònù tèmi kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀, nọ́ńbà tirẹ̀ ni mo fún àwọn ará ilé mi.

Nígbà tó jáde, mo ní, “Mọ́mì, ṣé kò sí o?”

“Kò sí nǹkan kan. Àwọn ará ọ́fíìsì ni. Jọ̀ọ́, tètè ṣe.”

Kò jágbe mọ́ mi lọ́jọ́ náà. Ó ní kí n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ra áísìkiriìmù fún mi, mo sì sọ lọ́kàn ara mi pé ó ti sọ mí di ọmọ. Ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀.

Nígbà tí a padà, ó yọ̀ǹda mi kí n lọ kí àwọn ènìyàn mi. Mo sọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ní Jikwoyi, jígí dúdú lójú, mò ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jókòó síwájú ilé. Kò dìde.

“Káàbọ̀, ará Spéìn. A ti sin ín.”

“Ta lẹ sin?”

“Ọ̀gá ẹ ní o ní kí á máa bá a lọ, pé o ò lè já ìsinmi ẹ sí méjì. A gbé ìyá wa sí mọ́ṣúárì, a retí ẹ títí. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n gbọ́ ohùn ẹ. Ó ní o ń lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun.”

Nígbà tí mo padà dé Apo, mo bi ọ̀gá mi léèrè. Ó ń kun èékánná rẹ̀.

“Tí mo bá sọ fún ẹ, ta ni ì bá tọ́jú àwọn ọmọ?” ló wí. “Òkú ò kúkú ní jí torí pé o dé.” Ó wá ní kí n lọ gbé oúnjẹ wọn kaná. Mo kó aṣọ mi, mo bá tèmi lọ.

Àwọn àgbà ní ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ọdún ti gorí ọdún, mo ti ní ilé tèmi ní Jikwoyi, mo sì ti ro ẹjọ́ yìí fún ẹ̀gbọ́n mi títí ẹnu fi rẹ̀ mí. Ó ní òun gbà mí gbọ́. Àmọ́ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ dákú lójijì lọ́dún tó kọjá, àwọn aládùúgbò ló pè, kò pè mí. Èmi tí ń gbé òpópónà kejì, lẹ́nu àwọn èrò ọ̀nà ni mo ti gbọ́.