Ẹni Tó Kọ́kọ́ Wọlé Ló Ń Kọ́kọ́ Ta

Títí di òní, bí òórùn ẹran yíyan bá gbá mi nímú ní ọjọ́ kejì Iléyá, ìtìjú ló máa ń kọ́kọ́ mú mi kí ebi tó dé. Ìyàwó mi rò pé n kò fẹ́ràn ẹran àgbò ni. N kò tíì ní ìgboyà láti sọ ìdí rẹ̀ fún un, nítorí ìtàn náà kò bu iyì kún mi rárá. Ọ̀rọ̀ eré ni, eré ogun inú fóònù, àti ọ̀rọ̀ ta ni yóò kọ́kọ́ ta. Bí ẹ bá gbọ́ ọ báyìí, ẹ ó ní ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà kan.

Àdúgbò Dar-es-Salam ní ìlú Bouaké, ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire, ni wọ́n bí mi sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá, ó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù lọ́jà, ìyá mi sì ń ta abọ́ táńganran. Mo wà ní kíláàsì tí a ti ń ṣe ìdánwò bac, ìdánwò àṣejáde girama, mo sì gbà pé orí tó wà lọ́rùn mi kì í ṣe orí kékeré. Ọdún yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi àgbà gbé ìyàwó. Ọmọ aránṣọ kan ní àdúgbò Belleville ni ìyàwó náà, ará Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa. Ó jù mí lọ dáadáa ní ọjọ́ orí, Faransé ẹnu rẹ̀ sì já gaara ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ilé Yorùbá. Ọjọ́ tí ìyàwó bá wọlé ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ orí rẹ̀. Àbúrò mi obìnrin tí eyín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká, ọkọ ìyàwó wa ni. Èmi náà, ọkọ rẹ̀ ni mo jẹ́. Nítorí pé ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, ó sọ mí ní Akọ̀wé.

Ilé wa kò burú fún un. Ìyá mi kì í gbé ohùn sókè sí i, bàbá mi sì máa ń yìn ín pé ó mọ ọbẹ̀ sè. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé gbogbo nǹkan ló ń kàn án gbẹ̀yìn. Òun ló ń wẹ̀ kẹ́yìn, òun ló ń jẹun kẹ́yìn, bí àga bá sì ku ọ̀kan, ẹ ti mọ ẹni tí yóò jókòó sórí ẹní. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń kó ọjà lọ sí ìlú Korhogo, ó sì máa ń pẹ́ kó tó padà. Lákòókò bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu ìyàwó kì í ju "ẹ kú iṣẹ́" àti "ó ti jinná" lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń ta géèmù mi. Ìyàwó ń gba ẹ̀yìn mi kọjá pẹ̀lú ewébẹ̀ lọ́wọ́, ó dúró, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Akọ̀wé, ẹ wo tafàtafà yẹn o. Wọ́n ti fẹ́ pa á." Kí n tó dáhùn, wọ́n ti pa á. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ta á pọ̀ nìyẹn, ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ìkòkò bá wà lórí iná tí kò sì sí iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀. Eré náà kò ṣòro. Pápá kan ni, wọ́n pín in sí ojú-ojú, òkè kékeré kan sì wà láàárín rẹ̀. Oníkálùkù ní ọmọ ogun tirẹ̀: ẹlẹ́ṣin, tafàtafà, ọlọ́ọ̀kọ̀, àti àwọn tó gbé asà ńlá. Fóònù kan ṣoṣo la ní, nítorí náà n ó sún gbogbo ọmọ ogun mi tán, n ó na fóònù sí i, òun náà á sún tirẹ̀ tán, á dá a padà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó nawọ́ pé òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo gbá fóònù mọ́ àyà, mo ní, "Ìyàwó, nínú èmi àti ìwọ, ta ló kọ́kọ́ wọ ilé yìí?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin ni, ọkọ mi. Ẹ máa ta á lọ." Àwàdà ni mo fi ṣe, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi, mo sì sọ ọ́ di òfin. Láti ọjọ́ náà, kò sí ìgbà kan tó jẹ́ pé òun ló bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá ti ta irú eré bẹ́ẹ̀ rí yóò mọ èrè tí mò ń jẹ níbẹ̀. Bí ẹgbẹ́ kan bá ń sún tán pátápátá kí èkejì tó sún, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ló ń gun òkè. Àwọn tafàtafà mi ti máa ń wà lókè kí ọmọ ogun ìyàwó kankan tó gbé ẹsẹ̀, wọn á sì ti ta wọ́n lọ́fà. Nígbà tí fóònù bá fi máa dé ọwọ́ rẹ̀, àwọn kan ti fara gbọgbẹ́, àwọn kan ti kú. Ọmọ ogun tí wọ́n bá sì pa kó tó kàn án, bí ẹni tí kò wá sójú ogun rárá ló rí. Mo ń nà án, mo sì ń pe ara mi ní ọ̀gágun. Mo ń sọ ọ́ kiri ní kíláàsì pé a kò tíì bí ẹni tó máa nà mí. Ẹni tó ti ń sáré kí wọ́n tó fọn fèrè kò yẹ kó máa yangàn pé òun ló ṣáájú, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ìyẹn fún mi nígbà náà?

Ìyàwó ní tirẹ̀ ń kọ́ ẹ̀kọ́. Àwọn àgbà ní ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Èmi ni ará iwájú, kòtò kò sì wọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ènìyàn rẹ̀ sẹ́yìn, síbi tí ọfà mi kò lè dé, á wá fi alásà kan ṣoṣo síwájú. Èmi á fi gbogbo ìbẹ̀rẹ̀ mi ṣòfò lórí ẹni kan yẹn, òun á sì jáde sí mi. Nígbà mìíràn, ó ń nà mí. Bó bá sì nà mí, ẹ ò rí ẹ̀rín! Á pàtẹ́wọ́, á fi etí gèlè bo ẹnu, ìyá mi á sì kígbe láti inú yàrá pé, "Ẹ̀yin méjèèjì, kí lẹ rí?" Òun á dáhùn pé, "Akọ̀wé ti sá o, Mọ̀ọ́mí! Ẹṣin wọn ti kú tán!" A kì í gbọ́ ẹ̀rín yẹn níbòmíràn nínú ilé wa. Ní wákàtí yẹn, kì í ṣe ìyàwó ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ pé èmi nìkan ni ọ̀rẹ́ tó ní nínú agbo ilé yẹn, mo mọ̀ ọ́n dáadáa, ìdí nìyẹn tí n kò fi lè sọ pé àìmọ̀ ló ṣe mí.

Ní ọjọ́ kejì Iléyá, àwọn ọ̀rẹ́ mi kan gun tàsí alùpùpù láti àdúgbò Nimbo wá jẹ ẹran nílé wa. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ Baoulé, ẹ̀yà kan níbẹ̀, tó ń jókòó tì mí ní kíláàsì. A jẹun tán, ó ní, "Ọ̀gágun, ta lò ń nà gan-an tó o fi ń pariwo?" Mo nawọ́ sí ìyàwó tó ń fẹ́ iná ẹran, mo pè é. Ó nu ọwọ́, ó wá pẹ̀lú ìdùnnú, ó jókòó sórí ẹní lọ́dọ̀ wa. Mo gbé fóònù pé kí n bẹ̀rẹ̀.

"Attends," ni ọ̀rẹ́ mi wí. "C'est toujours toi qui commences ?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀, àṣà wa ni.

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. "Vous les Anango ! Même dans le jeu, il y a grand frère !" Ó ní àwa Anango, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbẹ̀, inú eré pàápàá a ní ẹ̀gbọ́n. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó tẹ ibì kan tí n kò tẹ̀ rí, eré náà sì yí padà. Kò tún sí pé ẹgbẹ́ kan ń sún tán kí èkejì tó sún. Ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan ló ń dúró de ìgbà tó kàn án: ẹni tó yára jù á ṣáájú, ẹni tó lọ́ra jù á gbẹ̀yìn, tèmi tirẹ̀ wọnú ara wọn. Wọ́n to àwòrán ojú wọn sí òkè fóònù bí èrò tó tò sídìí ẹ̀rọ omi, kí olúkúlùkù lè mọ ẹni tó kàn. Ẹni tí kò bá sì fẹ́ sún nígbà tó kàn án, ó lè ní kí àwọn mìíràn máa lọ ná.

Mo rí i pé àwọn ẹlẹ́ṣin mi ló wà níwájú gbogbo wọn, inú mi dùn. Èmi náà ni mo ṣì ń ṣáájú! Mo tú wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láwọn nìkan, nítorí pé àwọn tafàtafà mi lọ́ra, kò sì tíì kàn wọ́n. Ìyàwó kò tilẹ̀ wo pápá. Àwọn ojú tó tò sókè yẹn ló ń wò, ó ń fi ìka tọ́ ọ lọ. "Akọ̀wé, ẹ má sáré," ó ní. "Ẹ wo ẹni tó kàn lẹ́yìn yín." Mo rò pé ó fẹ́ dẹ́rù bà mí ni. Àwọn ọlọ́ọ̀kọ̀ rẹ̀ ló kàn lẹ́yìn ẹṣin mi, wọ́n tẹ̀lé ara wọn, ẹni tèmi kankan kò sì sí láàárín wọn. Kó tó tún kan àwọn ẹṣin náà, wọ́n ti kú tán. Àwọn alásà rẹ̀ ní tiwọn kò kúrò lójú kan, ó ní kí wọ́n dúró ná. Nígbà tó wá kan àwọn tafàtafà mi, asà nìkan ni ọfà wọn ń bà. Bí wọ́n ṣe ta tán báyìí ni àwọn alásà dìde.

Ó pàtẹ́wọ́, ó rín ẹ̀rín rẹ̀ yẹn. Àwọn ọ̀rẹ́ mi hó yèè, ọ̀kan tilẹ̀ dùbúlẹ̀ sílẹ̀, ó ń pariwo pé ọ̀gágun ti ṣubú. Yorùbá ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ara mi gbóná láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

"Dìde níbẹ̀," mo sọ fún un ní Yorùbá. "Lọ bu omi wá fún àwọn àlejò. Àbí o ti gbàgbé ipò rẹ nínú ilé yìí ni?"

Ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu. Ó wò mí, ó ń wá àwàdà lójú mi, kò rí i. Ó rọra gbé fóònù sórí ẹní, ó dìde, ó so ìró rẹ̀ le, ó lọ bu omi, ó gbé e wá lórí àwo, ó kúnlẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ló ti bẹ̀rẹ̀. "Ẹ gba omi, ọkọ mi."

Àwọn ọ̀rẹ́ mi kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ibi tí a dé yìí kò nílò ògbufọ̀. Ọmọ Baoulé náà rẹ ohùn sílẹ̀, ó bi mí pé, "C'est votre bonne ?" Ó rò pé ọmọ ọ̀dọ̀ wa ni. Mo ní rárá, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó wò mí. Ó dìde, ó gba àwo omi lọ́wọ́ ìyàwó, ó sì pín in fún àwọn yòókù fúnra rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ní àwọn ń lọ, bẹ́ẹ̀ ẹran ṣì pọ̀ lórí iná.

Ìyá mi ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó ń bá àṣà jà, mo sì rò pé yóò gbè mí lẹ́yìn. Ó pè mí wọ yàrá. "Èmi náà ń rán an níṣẹ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n n kò rán an níṣẹ́ rí nítorí pé ó mọ nǹkan jù mí lọ. Jáde lọ́dọ̀ mi." Ojú tì mí débi pé n kò mọ ẹnu ọ̀nà mọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ bá ìyàwó níbi tó ti ń ṣa ìrẹsì, mo ní kó má bínú sí mi. Kò dá ọwọ́ dúró. "Kí lẹ ṣe, ọkọ mi? Ẹ ò ṣẹ̀ mí. Ẹ̀yin lẹ kúkú kọ́kọ́ wọlé." Mo wá ìbínú nínú ohùn rẹ̀ kí n lè rí nǹkan bẹ̀, kò sí níbẹ̀. Mo na fóònù sí i, mo ní òun ni kó bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ó dúpẹ́, ó ní iṣẹ́ wà lọ́wọ́ òun. Bó ṣe ń dá mi lóhùn nìyẹn lọ́jọ́ gbogbo, títí mo fi ṣíwọ́ bíbéèrè. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti Korhogo dé, ọkàn mi kò balẹ̀, mò ń retí pé yóò pè mí. Ìyàwó kò sọ ọ́ fún un. Mo gbọ́ tó ń sọ fún un nídìí oúnjẹ pé ọkọ òun kékeré ń kàwé dáadáa. Ì bá sàn fún mi kí ẹ̀gbọ́n mi lù mí. Ìyàwó kò pè mí ní Akọ̀wé mọ́ láti ìgbà náà. Eré yẹn ni ibì kan ṣoṣo tí nǹkan ti lè kàn án kó tó kan ẹlòmíràn, mo sì tì í pa mọ́ ọn nítorí ẹ̀rín àwọn ọmọ kíláàsì mi.

Nimbo ni mò ń gbé báyìí, mo ti ní ìyàwó tèmi, mo sì ṣì ń ta irú eré bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Mo ti wá mọ̀ ọ́n dáadáa: kí n tó sún ẹnikẹ́ni, mo máa ń wo ẹni tó kàn lẹ́yìn rẹ̀. Ọgbọ́n tó dé lẹ́yìn tí ogun ti tú ni. Ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó rẹ̀ ṣì wà ní Dar-es-Salam, nínú ilé bàbá wa. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan láìpẹ́ yìí, mo lọ kí wọn, mo sì gbọ́ ẹ̀rín kan bí mo ṣe ń sún mọ́ ilé. Pàtẹ́wọ́ tẹ̀lé e. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí olè. Mo ti rò láti ọdún wọ̀nyí pé ó ti fi eré náà sílẹ̀ ni. Kò fi í sílẹ̀. Òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ ló jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń ta á.

Nígbà tí mo wọlé, ẹ̀rín náà dá. Ó gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi."

Ọmọ rẹ̀ ń fà á láṣọ. "Màmá, ẹ̀yin ló kàn! Màmá, ẹ̀yin ló kàn o!"

"Dákẹ́ ná," ó ní. "Jẹ́ kí bàbá rẹ kọ́kọ́ jókòó." Ó dìde, ó gbé àga wá fún mi.

Mo jókòó.