Kọ́kọ́rọ́ tó wà lápò àyà rẹ̀

Bí mo bá gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ ń ró lápò ẹnìkan, mẹkáníìkì kan tó jẹ́ alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìgàndó ni mo máa ń rántí. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tó bá ń tún ṣe kì í kúrò lápò àyà rẹ̀ títí yóò fi wa ọkọ̀ náà wò fúnra rẹ̀. “Ẹ́ńjìnnì ò mọ̀ pé ẹ ń kánjú,” ló máa ń wí.

Àbúrò mi ní kó fi tọ́bò sí ọkọ̀ asáré òun, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì kí eré rẹ̀ lè pọ̀ sí i. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀, èmi àti òun lọ gba ọkọ̀ náà kó lè gbé e lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ṣì kù.

“Mi ò tíì yẹ páìpù ọ́ìlì wò,” ni Alàgbà wí. “Bí ọ́ìlì bá jò sórí tọ́bò tó ti gbóná, iná ni o.”

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín. “Bàbá, àbí ẹ ti sọ kọ́kọ́rọ́ mi di bọ́tìnì ẹ̀wù yín ni?”

Èmi ni mo kúnlẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, nítorí tèmi.”

Ó wò mí títí, ó sì yọ kọ́kọ́rọ́ náà fún un.

Ọkọ̀ náà gbiná kó tó dé Ẹgbẹ́dá. Ọlọ́run dá ẹ̀mí àbúrò mi sí, mo ń dúpẹ́ títí dòní, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò lè di ṣíbí mú mọ́.

Nígbà tí ìjọ bi Alàgbà léèrè ìdí tó fi jẹ́ kí ọkọ̀ náà jáde nígbà tí iṣẹ́ ṣì kù, ó ní, “Èmi ni mo yọ kọ́kọ́rọ́.” Kò dárúkọ mi. Wọ́n gba ipò alàgbà lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú mi, n kò sì la ẹnu.

Bó ṣe ń jáde lọ, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi.

“Báwo lọwọ́ àbúrò rẹ?”