Ilé Ìgbẹ̀bí Àbà Ọ̀ṣúndé

Ọdún 1979 ni wọ́n kọ́ ilé ìgbẹ̀bí sí Àbà Ọ̀ṣúndé, lẹ́yìn ìlú Atosin, wọ́n sì gba Àrìnkẹ́ Adésànyà láti máa gbálẹ̀ rẹ̀. Ó di ọdún kẹta, nọ́ọ̀sì kò dé. Ọ̀rá tí wọ́n fi wé bẹ́ẹ̀dì méjèèjì tó wà níbẹ̀ kò tíì kúrò lára wọn. Àràárọ̀ ni Àrìnkẹ́ ń ṣílẹ̀kùn, tí ó ń nu eruku, tí ó sì ń ti ilé pa lọ́sàn-án.

Ẹnu akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ tó wá ka bẹ́ẹ̀dì ló ti gbọ́ gbólóhùn náà: "Ọn pépà, nínú ìwé, mà, ilé yìí ti ń ṣiṣẹ́ láti èṣín." Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tó bá jẹ́ orúkọ lásán, ọn pépà ni Àrìnkẹ́ ń pè é. Ọ̀nà ọlọ́dà tí wọ́n ṣèlérí, ọn pépà. Ọkọ rẹ̀ tó ti ń gbé lọ́dọ̀ ìyàwó kékeré ní Oǹdó láti ọdún mẹ́fà, ọn pépà.

Kùdírátù, ìyàwó alágbàro kan, a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ bó bá ń ru kòkó kọjá.

"Ìyá Fúnmi, ṣé àwọn aláboyún pọ̀ lónìí?"

"Wọ́n kún fọ́fọ́, ọn pépà."

Ṣùgbọ́n Olúfúnmilọ́lá, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, lóyún ẹlẹ́ẹ̀kejì. Nígbà àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀ débi pé àga ni wọ́n fi gbé e dé títì. Ọmọ náà kò yè. Àrìnkẹ́ lọ bá akọ̀wé ní ọ́fíìsì láti béèrè nọ́ọ̀sì.

"Ibi tí ìbí bá pọ̀ nínú ìwé la ń fi nọ́ọ̀sì ránṣẹ́ sí, mà. Ìwé tiyín ṣófo."

Ilé àdúrà ni àwọn obìnrin Àbà Ọ̀ṣúndé ń bímọ sí, lọ́wọ́ Ìyá Àdúrà Oyèṣọlá, tó ń kọ orúkọ wọn sínú ìwé kan. Àrìnkẹ́ lọ bá a.

"Ìyá Àdúrà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní àwọn ọmọ yín."

"Èwo nínú wọn?"

"Gbogbo wọn. Ọn pépà ni."

Ó da orúkọ ọmọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kọ sínú ìwé ilé ìgbẹ̀bí, ó sì fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé. Kò rántí pé ìwé ìdúpẹ́ ni ìwé Ìyá Àdúrà. Ẹni tó bá kú, ìyá ni o, ọmọ ni o, wọn kì í kọ ọ́ sí i.

Lẹ́yìn oṣù méjì, akọ̀wé mú èsì wá.

"Ọmọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kò sí òkú kan! Àwọn ọ̀gá ní kí n kí yín. Wọ́n ní nọ́ọ̀sì tó wà níbí tó iṣẹ́ ẹ ṣe, wọ́n sì ti gbé nọ́ọ̀sì tuntun lọ sí ibi tí ìnira wà."

"Nọ́ọ̀sì wo?"

Akọ̀wé wo ilẹ̀. "Ẹni tó gbẹ̀bí àwọn wọ̀nyí, mà."

Àrìnkẹ́ kò jà. Oyún Fúnmi ti wọ oṣù kẹjọ. Ní ọjọ́ kejì, ó kó kọ́kọ́rọ́ fún Kùdírátù, ó di aṣọ ọmọ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì bá ọkọ̀ tó ń kó kòkó lọ sí Àkúrẹ́, níbi tí ìbátan wọn kan ní yàrá kan nítòsí ọsibítù. Orí àpò kòkó ni wọ́n jókòó sí. Bí ọkọ̀ bá ti já sí kòtò, Fúnmi a di ikùn mú.

"Màmá, ẹ ní kí awakọ̀ rọra."

Àrìnkẹ́ na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu pákó ọkọ̀. Ọkọ̀ kò dín eré kù. Ó tún lù ú.