Abẹ́rẹ́ Tí Kì í Dunni

Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì n'Ìkàrẹ́, Alájà Múínátù nìkan ló bínú sí mi rí pé abẹ́rẹ́ mi kò dun òun. Ọ̀kà ló ti ń wá, ìṣó àti páànù ló ń tà. Ó sanra, ó ní àrùn ṣúgà, orúnkún rẹ̀ sì ti kọ̀ láti kúnlẹ̀, orí àga ló ti ń kírun. Ó sọ fún mi pé òun kò wá ìdí tẹ́ẹ́rẹ́ kiri, kí iwájú orí òun ṣáà tún kan ẹní kí òun tó kú.

Dókítà wa kọ abẹ́rẹ́ pẹ́pítáìdì fún un, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Mo ṣàlàyé pé ó jọ ohun tí ìfun wa fúnra rẹ̀ ń ṣe láti sọ fún ọpọlọ pé oúnjẹ ti tó. Ebi kì í tètè pa ẹni tó ń lò ó, ara á fúyẹ́, ṣúgà á wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè mú èébì wá, ìgbẹ́ sì lè le, ìdí nìyẹn tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Inú ohun tó dà bíi báírò ló wà, mo sì kọ́ ọ bí yóò ṣe máa gún ara rẹ̀ nílé.

Èmi ni mo gún àkọ́kọ́ fún un. Ó bi mí bóyá ó ti wọlé. Mo ní ó ti tán. Alájà yọ ṣùtì. Lọ́dọ̀ wa, abẹ́rẹ́ tí kò bá mú èèyàn tiro, omi lásán ni.

Kò pẹ́ tí ọmọ rẹ̀ fi gbé e wá, ètè rẹ̀ gbẹ, ojú rẹ̀ jìn wọnú, omi pàápàá kò dúró nínú rẹ̀. Ó ti ń gún un láràárọ̀.

"Kò dùn mí," ó ní, "mo wá rò pé kò tíì ṣiṣẹ́."

Ẹ̀rù bà mí gan-an. A fa omi sí i lára, dókítà sì dá abẹ́rẹ́ náà dúró. Ìgbà yẹn ni ẹkún gbọ̀n ọ́n.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé orí àga yẹn ni màá wà títí?"

Mo ní ó kù sọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, dókítà ní ká tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ èmi ni báírò ń gbé. Ọ̀sẹ̀ dé, ọ̀sẹ̀ lọ, ó ń wá láti Ọ̀kà, ó sì ń bi mí bóyá ó ti wọlé. Inú ń rìn ín díẹ̀díẹ̀, àmọ́ aṣọ rẹ̀ ń tú, ṣúgà sì ń wálẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo lọ kí i nílé, orí ìrun ni mo bá a. Àga náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, aṣọ fífọ̀ ló wà lórí rẹ̀. Ó forí kanlẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé mo sún mọ́ ọn. Nígbà tó parí, ó gbá orúnkún mú, ó rẹ́rìn-ín sí mi.

"Nọ́ọ̀sì, ó dùn mí díẹ̀," ó ní. "Ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi."